Àbẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá pè ọ́ fún íntáfíù

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú oríire iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tó parí. O ní o ti fi CV ránṣẹ́ sí ibi mẹ́rin, o sì ní kí n máa fi àdúrà tì ọ́ lẹ́yìn. Mò ń gbà á. Àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n máa bi ní ìbéèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Ṣí ìwé Nehemáyà orí 2, níbi tí Nehemáyà, agbọ́tí ọba, ti tọrọ ààyè láti lọ tún Jerúsálẹ́mù kọ́, kí o kà á bí ẹni tó ń lọ fún íntáfíù. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin, láti oṣù àwọn Júù tí wọ́n ń pè ní Kísíléù títí dé Nísánì, ló wà láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ àti ọjọ́ tí ọba bi í pé kí ló ń fẹ́. Ó tún gbàdúrà lójú ẹsẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, kó tó lanu. Wo ohun tó wá sọ: ó dá ìgbà tó máa padà fún ọba, ó tọrọ lẹ́tà sí àwọn gómìnà òdìkejì odò, ó tọrọ lẹ́tà mìíràn sí Ásáfù tó ń ṣọ́ igbó ọba, ó sì ka ohun tó fẹ́ fi igi náà ṣe. Ó ti ṣírò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tó kúrò níwájú ọba ló tó sọ pé ọwọ́ rere Ọlọ́run wà lára òun. Níwájú ọba, lẹ́tà àti igi ló ń sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ti ń kùnà. Àwọn tó ń ṣe íntáfíù á ní, "Báwo lo ṣe yanjú ìṣòro yẹn?" Ọmọ á ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa tí a máa ń jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì bi yín ní ìbéèrè ní ìwé máàkì níwájú, kò sì sí ibi tí a ó kọ ìyẹn sí. Dúpẹ́ nílé, dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí o wá sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe fún wọn. Bí wọ́n bá ní kí o sọ ìgbà kan tí iṣẹ́ le, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn méjì, sọ èwo nínú rẹ̀ ni ojúṣe tìrẹ, kí o wá pẹ́ lórí ohun tí o ṣe, kí o sì fi àbájáde rẹ̀ parí pẹ̀lú iye. "A ṣe é, a ṣe é" kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ìwọ ṣe. Má sì rò pé o kò ní ìrírí. Akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ni ọ́ fún ọdún kan gbáko: iye ènìyàn tí o gba owó lọ́wọ́ wọn, iye ìgbà tí o fi ìwé owó báńkì wé ìwé tìrẹ, ohun tí o ṣe nígbà tí owó kò bá bára mu. Iṣẹ́ ìṣirò owó nìyẹn. Má jẹ́ kó dà bí ẹ̀rí ọjọ́ ìdúpẹ́, sọ ọ́ bí iṣẹ́.

Ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni "Sọ fún wa nípa ara rẹ." Má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bí ọ sí, má sì ka iye àbúrò rẹ fún wọn. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó: ohun tí o kà, ibi tí o ti ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga) àti ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe láti ibẹ̀, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ, àti ìdí tí o fi fẹ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́ yìí. Gbà á sílẹ̀ sórí fóònù kí o sì gbọ́ ara rẹ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní àléébù rẹ, má sọ pé o máa ń ṣiṣẹ́ jù. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Mú èyí tó jẹ́ òótọ́ tí kò sì ní ba iṣẹ́ náà jẹ́, kí o fi ohun tí o ń ṣe sí i tì í. Bí o kò bá mọ ìdáhùn, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì sọ bí o ṣe máa wá a. Dákẹ́ díẹ̀ kí o tó dáhùn èyíkéyìí. Nehemáyà dákẹ́ tó láti gbàdúrà.

Èsì ìwé ẹ̀rí 2:2 (second class lower) tí o ní, má fi pamọ́, má sì di ẹ̀bi ru olùkọ́ kankan. Gbólóhùn kan lórí ohun tó fà á, òmíràn lórí ohun tí o ti kọ́ láti ìgbà náà, ó parí. Ẹni tó bá gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o lọ búra ní kóòtù láti gé ọjọ́ orí rẹ kù, má dá a lóhùn. Ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN rẹ ni wọ́n máa fi wé e, àti pé "bẹ́ẹ̀ ni" tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ kì í ṣe ohun tí a fi kọ́ ọ nílé.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá á kọ́kọ́ fún ọ ní ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Àkókò ló ń pa ènìyàn níbẹ̀ ju ìṣòro ìbéèrè lọ. Fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìpín, àti kíka tábìlì, ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́, pẹ̀lú aago. Bí ọjà bá lọ láti 80 sí 100, ó fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Bó bá padà láti 100 sí 80, ìdá 20 ló fi dín. Ẹni tó bá kọ 25 sí méjèèjì ti ṣubú. Níbi kíka àyọkà, tí ìdáhùn jẹ́ True, False tàbí Cannot Say, ohun tí àyọkà sọ nìkan ni kí o lò. Ohun tí o mọ̀ láti ìta ló máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà.

Nípa owó oṣù, béèrè bóyá iye tí wọ́n dá jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ó kéré tán, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún á kúrò nínú tìrẹ, agbanisíṣẹ́ á sì fi ìdá 10 kún un. Owó orí tún wà, owó ọkọ̀ tún wà. Ṣe ìṣirò yìí nílé kí o lè dá iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù fún wọn láìṣiyèméjì. Béèrè pẹ̀lú bóyá iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Àìkú nínú. Ó sàn kí o mọ̀ báyìí ju kí o máa fi irọ́ tọrọ ààyè nígbà tó bá yá.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò dárúkọ ilé-iṣẹ́, tó ní kí o wá sí gbọ̀ngàn kan pẹ̀lú bíírò àti ìwé, má lọ. Ẹni tó bá gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ, gbájúẹ̀ ni. Yẹ orúkọ wọn wò lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí o sì fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi kí o tó jáde.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á pè ọ́ sí àìsùn àdúrà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú íntáfíù. Lọ sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Gba ààwẹ̀ rẹ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o sì jẹun láàárọ̀ íntáfíù; ẹnu ààwẹ̀ máa ń rùn nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa nítorí AC. Dáníẹ́lì jẹ ẹ̀wà àti ewébẹ̀, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ọdún mẹ́ta kí ọba tó yẹ̀ ẹ́ wò. Jọ̀wọ́, má ta òróró sí ìwé ẹ̀rí rẹ. Àbàwọ́n ni wọ́n máa rí.

Bó bá jẹ́ Victoria Island ni, sùn sí ọ̀dọ̀ Àǹtí rẹ ní Sùúrùlérè. Má gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ àárọ̀ láti Ìbàdàn. Íntáfíù aago mẹ́sàn-án, kúrò nílé kó tó di mẹ́fà. Lọ aṣọ rẹ lálẹ́, kí iná má bàa ṣe tirẹ̀ láàárọ̀. Jókòó nínú síkẹ́ẹ̀tì náà níwájú dígí kí o mọ ibi tó dé. Jósẹ́fù náà fá irun, ó pààrọ̀ aṣọ kó tó dé iwájú Fáráò. Má kúnlẹ̀ kí wọn. Tẹrí ba díẹ̀, dúró kí wọ́n kọ́kọ́ na ọwọ́. "Sà" àti "Mà" dára, ṣùgbọ́n má fi parí gbogbo gbólóhùn. Mú ẹ̀dà mẹ́ta ti CV àti ti ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, nítorí òfin NYSC ló ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti Zoom, jókòó kọjú sí fèrèsé, gbé fóònù sórí ìwé títí yóò fi bá ojú rẹ dọ́gba, kí o sì ní dátà orí láìnì méjì.

Lọ́jọ́ kejì, fi íméèlì gbólóhùn mẹ́ta dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gbà ọ́, wo oṣù ìdánwò, wo iye ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí o tó kúrò, kí o sì wá gbólóhùn èyíkéyìí tó bá dè ọ́ mọ́ iṣẹ́ fún ọdún méjì tàbí tó ní kí o fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ sílẹ̀. Ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti bàbá rẹ kí o tó fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ