Lẹ́tà sí Bàbá Mi Àgbà Tó Lọ Sógun Bọ́mà

Bàbá mi àgbà,

Èmi Àjàní yín ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja o. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ẹ ti pa ipò dà, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú yín láti ọdún 1984, ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà. Eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ló jẹ́ kí n mọ bó ti wúwo tó, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn eré náà fún yín.

Band of Brothers lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe é, apá mẹ́wàá ni. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn. Ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú wó ilé gogoro méjì ní New York. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ọdún 2007 ni mo ra tèmi ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. Ogun Hítílà tí ẹ lọ yẹn náà ni, ojú ibi tí wọ́n ti jà á ló yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo leré náà tẹ̀ lé, Easy Company, àwọn tó ń fi parasúùtì bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní Toccoa, ní Georgia, níbi tí wọ́n ti ń sáré gun òkè Currahee, máìlì mẹ́ta àlọ, máìlì mẹ́ta àbọ̀. Ó bá wọn dé Normandy ní oṣù kẹfà ọdún 1944, ó bá wọn dé Netherlands, ó bá wọn dé inú yìnyín Bastogne ní Belgium, títí ogun fi parí mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kí ọ̀pọ̀ apá eré náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn bàbá arúgbó kan á kọ́kọ́ jókòó síwájú kámẹ́rà. Wọn kì í ṣe òṣèré o, àwọn tó ja ogun náà gan-an ni. Wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á há sí ọ̀kan lọ́fun, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wò ó lọ, tá à ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú eré, tá à ń bi ara wa pé èwo nínú àwọn arúgbó yẹn nìyí, àbí kò tiẹ̀ sí nínú wọn, àbí ó máa kú lọ́la. Apá kẹwàá ni wọ́n tó kọ orúkọ wọn jáde. Mo ti mọ ìtàn wọn kí n tó mọ orúkọ wọn. Ti yín, Bàbá, orúkọ ni mo mọ̀, mo mọ oríkì, mo mọ ìdílé dé ìran kẹrin. Ìtàn yín ni n kò mọ̀.

Àwa mẹ́ta la jọ máa ń wò ó lálẹ́: èmi, ìyàwó mi, àti aládùúgbò wa kan, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó bá àwọn ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Liberia. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí iná bá lọ, màá tan jẹnẹrétọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ẹ ò bá a pàdé, àmọ́ ẹ ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jà tí wọ́n ń gé ara wọn lẹ́sẹ̀, kò mi kán-ún. Apá kẹfà ló mú un. Nínú apá yẹn, Eugene Roe tó jẹ́ olùtọ́jú ọgbẹ́ wọn ń ti ihò dé ihò nínú òtútù, ó ń tọrọ. Ó ń tọrọ sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó ń tọrọ báńdéèjì, ó ń tọrọ abẹ́rẹ́ mọfíìnì, ó ń wo ojú ẹni tó fẹ́ fi tiẹ̀ pa mọ́. Ìyàwó mi jókòó ṣánṣán. Ó ní, "Èmi nìyẹn." Torí pé ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, bó ṣe máa ń lọ láti wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù nìyẹn tó ń tọrọ ìbọ̀wọ́ kó tó lè gbẹ̀bí. Kò sọ fún mi rí títí alẹ́ ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì ará Belgium kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Renée. Ó máa ń so aṣọ búlúù mọ́rí, ó máa ń fún Roe ní ṣokoléètì. Ẹni gidi ni, Renée Lemaire; bọ́ǹbù pa á ní Bastogne ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún 1944, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Kérésì. Nínú eré náà, Roe dé ibi tí ilé ti wó, ó rí aṣọ orí yẹn nínú òkúta, ó fi í sínú àpò. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fàya, kò sí báńdéèjì. Ó yọ aṣọ náà, ó wò ó, ó dúró díẹ̀, ó fà á ya, ó fi di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ẹkún tó ti ọdún púpọ̀ wá ni.

Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kan náà kọjá nínú apá yẹn, wọn ò jẹ́ kó pẹ́. Ìyàwó mi ní, "Ta nìyẹn?" Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun náà wà lóòótọ́. Augusta Chiwy lorúkọ rẹ̀, ará Belgium ni bàbá rẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni ìyá rẹ̀, ibi tí à ń pè ní Burundi lónìí ni wọ́n ti bí i. Ó yè bọ́ nínú bọ́ǹbù náà, àmọ́ ọdún 2011 kí wọ́n tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ó kú ní 2015.

Ti Sájẹ́ǹtì wá. Apá keje ni wọ́n wà, àgbá ń bú nínú igbó, igi ń fọ́ lé wọn lórí. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Compton jáde síta, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì nílẹ̀, ẹsẹ̀ ti gé lára wọn, akoto irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn dúró ni. Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, Sájẹ́ǹtì ti dìde. Ó jáde láìdágbére. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò yà. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sáyè rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi fi sí i láti ibi tí mo ti dìde." Ó wò ó tán. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ dé irùngbọ̀n, kò nù ún. Ó ní, "Wọn ò parọ́ ibẹ̀ yẹn." Lẹ́yìn náà ló ní, "Tèmi, aago mẹ́ta òru ló máa ń dé." Ó wá sọ̀rọ̀ di ọ̀gànjọ́, nípa ẹnì kan tí wọ́n jọ wà ní Monrovia. N kò ní í kọ ohun tó sọ.

Apá kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti bá àgọ́ tí wọ́n kó àwọn Júù sí lẹ́bàá Landsberg, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó dìde.

Bàbá, apá kẹwàá ló pa tèmi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Dick Winters, ọ̀gá wọn, ti darúgbó, ó jókòó síwájú kámẹ́rà. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan, Mike Ranney, kọ lẹ́tà sí òun. Ọmọ-ọmọ ọ̀rẹ́ náà ló bi í pé ṣé akọni ni bàbá àgbà lójú ogun. Ó dá a lóhùn pé rárá, àmọ́ àárín àwọn akọni lòun ti ṣiṣẹ́. Ohùn Winters gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìyàwó mi rò pé ikú àwọn ọmọ ogun yẹn ló ń pa mí lẹ́kún. Ìbéèrè ni. Ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi bàbá rẹ̀ àgbà, àti èyí tí èmi bi yín.

Ìkìrun ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo ti wo fíìmù àwọn tó ń yìnbọn nílé ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ń dán. Ẹ ń jẹ iyán lórí ẹní, ẹ ti mú òkèlè kejì. Mo ní, "Bàbá, ènìyàn mélòó lẹ pa ní Bọ́mà?" Òkèlè dúró lọ́wọ́ yín. Ẹ̀fọ́ ń kán sórí ẹní, tó, tó, ẹ ò wò ó. Ẹ wá dá òkèlè náà padà sínú àwo, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọ kankan ṣe irú ẹ̀ níwájú yín. Ẹ ṣanwọ́. Ẹ lọ jókòó sídìí igi ọsàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá gbá mi létí, wọn ò sọ ohun tí mo ṣe. N kò bi yín ní nǹkankan mọ́ títí tí ẹ fi kú, ọdún méje gbáko. Ẹ ń fún mi lówó àkàrà, ẹ ń kì mí, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín wa.

Ẹ má bínú, Bàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́ pé eré ń pa mí lẹ́kún, ó ní ẹkún òyìnbó ni mò ń sun. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀mí tiwọn níye lórí ju ti yín lọ lójú mi. Ohun tó ká mi lára ni pé wọ́n rí ẹni jókòó tì wọ́n, tó bi wọ́n léèrè, tó ní sùúrù dìgbà tí ohùn wọn padà bọ̀ sípò, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ẹnì kan ní tiwa tí mo mọ̀ pé ó rí irú rẹ̀ ni Isaac Fadoyebo, ará Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí wọ́n yìnbọn fún ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní 1944, tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ fi pa mọ́ fún oṣù púpọ̀ kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tẹ̀ ẹ́. Òun náà kú ní 2012. Àwọn yòókù ńkọ́? Gbogbo ìlú ló ní Bàbá Bọ́mà tirẹ̀ nígbà kan.

Lẹ́yìn eré yẹn ni mo lọ sí Ìkìrun, tí mo ní kí bàbá mi bá mi ṣí àpótí páànù yín. Àmì ẹ̀yẹ Burma Star wà níbẹ̀, ó ti dúdú. Àmì aláǹtakùn wà níbẹ̀, dúdú lórí yẹ́lò. Mo wádìí rẹ̀, mo rí i pé ti 81st Division ti West Africa ni, àwọn tó wọ Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Mo kà á pé ẹ la ọ̀nà tó tó máìlì márùndínlọ́gọ́rin gba orí òkè kọjá, pé orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, pé láti òfuurufú ni wọ́n ti ń ju oúnjẹ àti ọta sí yín. Aṣọ funfun kan tí wọ́n ṣẹ́ jọ wà nísàlẹ̀ àpótí, okùn gígùn ṣì so mọ́ etí rẹ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ti gé.

Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Bàbá. Nínú eré yẹn, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Welsh ń gbé parasúùtì rẹ̀ kan káàkiri ojú ogun, ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà òun kó fi rán aṣọ ìgbéyàwó. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Mo bi bàbá mi pé kí ni aṣọ yìí. Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tí ẹ ti rí i, pé ohun tí Màmá sọ fún àwọn ni pé èyí tí wọ́n gé lára rẹ̀ ni wọ́n fi gbé àwọn jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lọ́dún 1948. Ẹ gbé e la òkun kọjá, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ fi gba ọmọ. Bàbá mi mú etí aṣọ náà lọ́wọ́, wọ́n ń fi àtàǹpàkò rà á, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni wọ́n lọ́jọ́ náà.

Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. N kò fọ̀ ọ́.

Ó ku nǹkan kan. Lóru, tí mo bá sùn sí yàrá yín, ẹ máa ń pe orúkọ kan lójú oorun. Kì í ṣe orúkọ ilé wa, orúkọ àwọn ará Òkè Ọya ni. Ẹ máa ń pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń jí ẹlòmíràn kó má bàa ta jí. Màmá á ní, "Wọ́n tún ti wà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn." Mo rántí orúkọ náà dáadáa. N kò ní í kọ ọ́ síbí, torí ó ṣeé ṣe kí ẹbí rẹ̀ wà níbì kan.

Bàbá, ta ni ẹni yẹn? Ṣé ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ lẹ jọ ń sùn sínú ihò kan náà?

Àjàní yín ni.