Ìwádìí tí wọ́n fowó wa ṣe, ẹ mú èsì rẹ̀ padà fún wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé owó ìlú ló ń ṣòfò sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ọ́fíìsì, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó mọ ẹni. Ó ní kí ìjọba kó owó náà fún àwọn tó ń wá oògùn ibà àti irúgbìn tuntun, pé kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá léèyàn ló ń tètè ríṣẹ́. Èmi náà fẹ́ oògùn ibà. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni n kò fara mọ́. Aránṣọ ni mí ní Ajílósùn, nílùú Adó-Èkìtì níbí, ó ti lé lógún ọdún, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa rí.

Ìpàdé oṣooṣù wa ni àwọn ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan obìnrin kan, wá bá wa láti yunifásítì kan. Wọ́n sọ ẹni tó fún wọn lówó iṣẹ́ náà. Wọ́n ka ìwé kan sí wa létí, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn kò jẹ̀bi. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn ìyá wa kan pé agbowó-orí ni wọ́n. Ìgbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ ni ara tó balẹ̀. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Bí aṣọ ẹbí bá pọ̀ jù ọ́ lọ, ta lò ń gbé díẹ̀ fún? Bí máṣìnnì bá dákú nígbà tí ìnáwó ku ọ̀la, ta lò ń sáré pè? Ẹnu ta lo ti ń gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo? Wọ́n padà wá lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò sí nílé nígbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ọmọbìnrin náà ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó fi àwòrán kan hàn wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ti di àmì róbótó kan níbẹ̀, ìlà sì so ẹni tó dárúkọ èèyàn mọ́ ẹni tí wọ́n dárúkọ. Ojú ìyá alága wa ni mo kọ́kọ́ wá, torí mo rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ìlà máa forí lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì lẹ́bàá títì ni ìlà pọ̀ sí jù. Kì í ṣe aránṣọ. Kì í wá sípàdé, a kò tilẹ̀ pè é rí. Àmọ́ òun ló mọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fríídọ̀mù tó ń wá ibi tí yóò ti bá èèyàn ṣiṣẹ́, òun ló mọ ẹni tó fẹ́ ta máṣìnnì rẹ̀ kó lè sanwó ilé ìwé ọmọ. Ojoojúmọ́ là ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìròyìn iṣẹ́ wa ń gbà kọjá.

Ohun tí òǹkàwé yín kò rí nìyẹn. Lóòótọ́, gbogbo wa mọ̀ pé ó dáa kéèyàn léèyàn, ṣùgbọ́n èèyàn wo? Mark Granovetter, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, béèrè èyí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Newton, lẹ́bàá ìlú Boston, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tuntun. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Nínú àwọn 54 tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ta wọ́n lólobó iṣẹ́ náà, 9 péré ló ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́. Àwọn 30 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn 15 tó kù, bóyá ni wọ́n fi ń fojú kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀rẹ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, ohun tí mo gbọ́ lòun náà gbọ́. Ojúlùmọ̀ tó ń ti ìgboro mìíràn wá ló ń mú ọ̀rọ̀ tuntun dání. Ó yẹ kí ọmọ tó ń ti Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkẹ́rẹ́ wáṣẹ́ wá sí Adó mọ èyí, kó tó máa rò pé nítorí òun kò ní ẹ̀gbọ́n lọ́fíìsì ni ọ̀nà fi dí.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó ká mi lára jù. Àwọn mìíràn ti ń ya àwòrán ojúlùmọ̀ wa tipẹ́, wọn kò sì tọrọ àyè. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá owó lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn sọgundogójì ayé òde òní. Nígbà tí ọjọ́ kọjá, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ ni wọ́n ti kó. Ó pàdánù iṣẹ́ ìgbéyàwó méjì lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ṣàìsàn. Irú ìwà yìí pọ̀ débi pé FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní láti gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn lọ́dún 2022. Ilé-iṣẹ́ LinkedIn náà, níbi tí àwọn akọ̀wé ti ń wáṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dán èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 wò láàárín 2015 sí 2019, ó ń yí irú ojúlùmọ̀ tó ń júwe fún wọn padà láti mọ èyí tó ń bí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wá bá wa nìkan ló kọ́kọ́ béèrè bóyá a fẹ́ tàbí a kò fẹ́, owó ìlú tí wọ́n fi rán wọn ló sì jẹ́ kí a lè bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe.

Owó wa ni. Lọ́dún 1993 ni òfin ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa yọ náírà 2 nínú 100 èrè wọn fún ètò ẹ̀kọ́. Ó di náírà 2 ààbọ̀ lọ́dún 2021, ó di 3 lọ́dún 2023. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, òfin owó-orí tuntun ti fi owó ìdàgbàsókè, náírà 4 nínú 100, rọ́pò rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì ni ti ètò ẹ̀kọ́ gíga. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, ló ń pín ìdajì yìí fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, owó ìwádìí sì wà nínú rẹ̀. Lára owó òwú, owó sìmẹ́ǹtì àti owó káàdì fóònù tí à ń rà ni èrè àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti ń wá.

Nítorí náà, ibi tí mo ti bínú yàtọ̀ sí ti òǹkàwé yín. Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, a kò gbúròó wọn mọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n ti tẹ èsì náà jáde lókè òkun, lédè tí ìyá alága wa kò lè kà, níbi tí wọ́n ti ní kéèyàn sanwó kó tó kà á. Ẹ bá wa sọ fún TETFund pé kí wọ́n má san owó ìkẹyìn fún olùwádìí kankan títí yóò fi mú ẹ̀rí wá pé òun ti padà lọ jíṣẹ́ fún àwọn tó dá òun lóhùn. Ojú ìwé kan lédè Yorùbá ti tó, tàbí ìdajì wákàtí lórí rédíò. Kí wọ́n sì sọ ibi tí orúkọ wa wà fún wa, kó má di pé ìròyìn nípa ẹni tó yá ẹni lówó láàárín wa bọ́ sọ́wọ́ àwọn sọgundogójì.

Àwa ti pe obìnrin olówùú náà sínú ẹgbẹ́. Ìpàdé wa ṣì ń wáyé ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì mọ ibẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aránṣọ kan,
Ajílósùn, Adó-Èkìtì.