Lẹ́tà sí Bọ̀dá Mi Tó Ní Ariwo Ni

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ nípa Here Come the Warm Jets, àwo orin Brian Eno. Ẹ ní ariwo lásán ni, ẹ sì bi mí pé irú ọkùnrin wo ló ń lẹ ìyẹ́ mọ́ra, tó ń kun ojú bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí lórí fóònù, ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ti àtíkè kò le. Ohun tó gbòde ní London nígbà tó ṣe àwo náà, ní nǹkan bí 1973, nìyẹn: ọkùnrin olórin ń lé tìróò, ó ń wọ bàtà gíga tó ń dán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹlẹ́gùn Ṣàngó tòun ti irun dídì, kí ló wá ń yà yín lẹ́nu?

Orin gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni pé Brian Eno kò mọ ohun èlò kankan lò dórí bàbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun kì í ṣe olórin. Nínú ẹgbẹ́ olórin Roxy Music tó wà tẹ́lẹ̀, ó máa ń gba ohùn gìtá àti fèrè àwọn yòókù sínú synthesizer rẹ̀, ẹ̀rọ iná tó ń dá ohùn sílẹ̀, á wá lọ́ ọ títí yóò fi di nǹkan mìíràn. Nígbà tí òun àti Bryan Ferry, olórí ẹgbẹ́, ò rẹ́ mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ ní 1973. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló wọ Majestic Studios ní Clapham, London, láti gba àwo yìí sílẹ̀. Ó pe àwọn ará Roxy Music, ó yọ Ferry sílẹ̀. Ó pe Robert Fripp àti John Wetton láti ẹgbẹ́ King Crimson, ó pe Simon King tó ń lùlù fún ẹgbẹ́ Hawkwind. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kó àwọn tí orin wọn ò bára mu jọ ni, kó lè rí ohun tí ìjà wọn máa bí. Kò kọ nóòtì fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, ijó ló máa jó kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fẹ́. Orí mi máa ń wú tí mo bá rò ó: ọkùnrin kan ń jó níwájú àwọn ọ̀gá onígìtá, wọ́n sì ń gbọ́ ọ yé!

Ẹ fetí sí orin kẹta, Baby's on Fire. Ìlù àti báàsì kò kúrò lójú kan, gìtá Fripp wá ń ké lórí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ dá lórí A. W. Underwood, aláwọ̀ dúdú ará Michigan kan láyé àtijọ́ tí wọ́n ní èémí rẹ̀ ń dáná sun nǹkan. Iná lẹ́nu, Bọ̀dá! Àmọ́ orúkọ tí Eno sọ orin náà, The Paw Paw Negro Blowtorch, kò dùn mọ́ mi létí, torí ọ̀rọ̀ Negro inú rẹ̀. Cindy Tells Me náà kò tó nǹkan lójú tèmi, ẹ fò ó.

On Some Faraway Beach ni mo fẹ́ràn jù. Dùùrù ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ó ń ga sí i, ó pẹ́ gan-an kí ohùn ènìyàn tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi sùúrù dúró de Fela títí yóò fi la ẹnu, ẹ má sọ fún mi pé èyí sú yín.

Fela tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe àṣìsọ o. Afrodisiac, àwo tí Fela gbà sílẹ̀ ní London, wà lára ohun tí Eno fi han ẹgbẹ́ olórin Talking Heads ti Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n pàdé. Ipa rẹ̀ hàn gbangba nínú àwo Remain in Light tí wọ́n jọ ṣe ní 1980. Ní 2014, Eno yìí náà ni wọ́n fà lé lọ́wọ́ pé kó ṣa àwo Fela jọ sínú àpótí kan fún títà.

Ẹ má fi fóònù gbọ́ ọ mọ́ o. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ ńlá tó wà ní pálọ̀. Tí ẹ bá ṣì ní ariwo ni, ẹ sáà sọ ibi tó ti di ariwo fún mi. Ẹ bá mi kí Àǹtí.

Èmi ọmọ yín.