Okùn méjì, gọ́tà kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa so okùn fáíbà, ìyẹn okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, pọ̀ nígbà tó bá já, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pè mí pé oníbàárà wa kan ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣebí ọ̀nà méjì la gbé okùn wọn gbà. Lórí àwòrán tó wà ní ọ́fíìsì, bí òrùka ló rí: bí apá kan bá já, ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́rí gba apá kejì, oníbàárà ò tiẹ̀ ní mọ̀. Mo fi OTDR, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí okùn ti já, wo okùn àkọ́kọ́, ó ní kìlómítà 3.4 ló ti já. Mo wo èkejì láti òdìkejì. Ìdí afárá kan náà ni àwọn méjèèjì tọ́ka sí.

Nígbà tí mo débẹ̀, katapílà tó ń la gọ́tà ti hú okùn méjèèjì síta bí ìfun ẹran. Ẹni tó ri èkejì ò fẹ́ náwó wá ibòmíràn sọdá odò, ó kàn jù ú ti àkọ́kọ́, kòtò náà ò sì jìn ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Ẹni tó ń wa katapílà ní kò sẹ́ni tó sọ fóun. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Fọ́nrán 24 ló wà nínú okùn kọ̀ọ̀kan. Ó ti fà ya, nítorí náà a ní láti fi okùn tuntun bọ àárín, ìyẹn ni pé fọ́nrán kan, ojú ibi méjì: 96 lápapọ̀. Bọ́ awọ rẹ̀, fi spírítì nù ún, gé ẹnu rẹ̀ kó gún, tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ kí iná jó o pọ̀. Búlúù mọ́ búlúù, ọ́rẹ́ńjì mọ́ ọ́rẹ́ńjì, nínú òjò, lábẹ́ agbòòrùn. Ìyá oní-POS kan wá dúró tì mí: "Ọmọ mi, ṣé wáyà bí irun orí yìí ni ò jẹ́ kí n ta nǹkan kan láti ọ̀sán?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, òun ni." Aago mẹ́ta òru la tó kúrò níbẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun rí. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, okùn mẹ́rin tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun wá bá wa, bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ dojú rú láwọn báńkì wa. Orúkọ mẹ́rin, ibì kan náà. Equiano, okùn abẹ́ òkun mìíràn tó wọ Èkó ní 2022, ò fara gbá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ìpínlẹ̀ ni pé kí wọ́n tó gba owó ojú ọ̀nà, ìyẹn owó àyè láti ri okùn sẹ́bàá títì, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan, kí wọ́n béèrè ibi tí okùn méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó bá fi ọ̀kan gba màrosẹ̀ Èkó wọ Ìbàdàn, kí èkejì gba Abẹ́òkúta. Àwọn kan ní kí gbogbo iléeṣẹ́ jọ máa lo páìpù kan lójú títì kọ̀ọ̀kan. Ó dáa, ìwalẹ̀ á dínkù, àmọ́ lọ́jọ́ tí katapílà bá kan páìpù yẹn, gbogbo wa la jọ máa ríjà rẹ̀, àfi tí òmíràn bá wà lójú títì kejì. Kí agbaṣẹ́ṣe sì máa pè wá kó tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀.

Mo gba orí afárá náà kọjá lọ́sẹ̀ yìí. Okùn méjèèjì ṣì wà nínú gọ́tà, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀ pé àwọn ń bọ̀ wá wó o. Kò tíì sẹ́ni tó pè wá.

Òṣìṣẹ́ fáíbà kan, Ìbàdàn