Ta Ni À Ń Pè Ní Àpà?

Olóòtú,

Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, inú ń bí mi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n tún fi àgọ́ dí ọ̀nà àdúgbò wa pa níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin. Òkú kan, àgọ́ mẹ́rin. Ọmọ kọ̀ọ̀kan pa tirẹ̀, ó kó àlejò tirẹ̀ jọ, ó sì kọ gbohùngbohùn sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A ò gbọ́ ẹyọ oríkì kan lẹ́nu àwọn tó ń ki ìyá náà. Bẹ́ẹ̀ ojú wa ni ìyá yìí ṣe yá owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kiri.

Bí ọmọdé bá ra fóònù olówó ńlá, gbogbo àgbà á ní àpà ni. Ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó lè pa màlúù níbi òkú, wọ́n ní ó ṣe ẹ̀yẹ. Àpà ni òun náà, jàre!

Aṣọ ẹbí ló wá burú jù. 12,000 sẹ́fà ni wọ́n gbé wá fún ìyàwó mi, owó aránṣọ kò sí níbẹ̀. 52,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ láti 2023. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀, ilé-ìwé sì fẹ́ wọlé. Ẹni tí kò bá sì rà á, abọ́ oúnjẹ á fò ó dá lábẹ́ àgọ́. Mo fojú rí i.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Àga iwájú ni tiwọn. Wọ́n á fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n á wá jẹun níbẹ̀, tó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á ní kí ará ìlú ṣọ́ owó ná.

Lójú tèmi, ọwọ́ olórí ẹbí ló wà. Kí wọ́n ní aṣọ funfun la ó máa wọ̀ sìnkú, èyí tó ti wà nílé oníkálukú. Àwọn Mùsùlùmí wa ní in fún Jímọ̀. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí ìlú yìí bí ní 1947, funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sílé àdúrà. Owó tí à bá fi ra àǹkárá, kí olórí ẹbí gbà á, kó kà á lójú gbogbo wa: àgọ́ kan, ìdáná kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó di owó ilé-ìwé àwọn ọmọ-ọmọ olóògbé. Ọmọ tó bá yarí pé àgọ́ tòun á dá yàtọ̀, kí ẹbí má lọ síbẹ̀.

Gbohùngbohùn, kí àwọn ti mérì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, máa pa á tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́. Òkú tó ń sùn ní mọ́gì, ilé ìtọ́jú òkú, nítorí pé aṣọ ẹbí kò tíì dé láti ọjà, ìyẹn náà ńkọ́? Ẹ bá wa bi wọ́n.

Òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́