Sí Olóòtú: Gbèsè àwo àná ni wọ́n ń san

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka nǹkan tẹ́ ẹ gbé jáde ní Sátidé tó kọjá lórí àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì òyìnbó tí àwo wọn ò tà mọ́ lẹ́yìn tí òkìkí wọn ti kàn. Inú bọ́ọ̀sì láti Kubwa sí Wuse ni mo ti kà á, gosíló ọjọ́ náà sì jẹ́ kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ún kà, irọ́ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ kàn ń to iye tí wọ́n tà sílẹ̀ ni, tó bá ti kéré, ó parí, àwo burúkú nìyẹn. Ibẹ̀ yẹn lèmi ò ti lè bá a lọ.

Ìyá oníresì kan wà ládùúgbò wa. Bí ọbẹ̀ wọn bá dùn lónìí, ọ̀la lèrò máa pọ̀. Bí òkúta bá wá wà nínú ìrẹsì lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ yẹn, owó ti wọlé ná, wọn ò ní mọ̀. Ọ̀túnla ni wọ́n máa mọ̀, wọ́n á se èyí tó dùn jù lọ, wọ́n á wá jókòó ti ìkòkò láì rẹ́ni rà á. Bí ọ̀rọ̀ àwo ṣe rí gan-an nìyẹn láyé ìgbà tí kò tíì sí orin lórí fóònù, tó jẹ́ pé wàá sanwó kó o tó gbọ́ ọ. Àwo tó ṣáájú ló ń ta èyí tó tẹ̀lé e.

Ẹ wo R.E.M., ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà kan. Wọ́n ṣe àwo Out of Time ní 1991, wọ́n ṣe Automatic for the People ní 1992, kò síbi tí wọn ò gbọ́ ọ dé. Nígbà tí Monster fi máa jáde ní 1994 àwọn èèyàn ti ń dúró dè é, ó ta mílíọ̀nù 4 ní Amẹ́ríkà nìkan, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e délé, ariwo jìtá ni wọ́n bá níbẹ̀, kì í ṣe orin jẹ́jẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sanwó, ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ tún un tà. Ojú mi ló ṣe o. Kánò ni wọ́n bí mi sí, ní Sábọ̀n Gàrí, ọkùnrin kan sì wà lọ́jà tó ń ta gwanjo, tó máa ń kó sídíì tòkunbọ̀ mọ́ aṣọ. Èmi àti bùọ̀dá mi kì í pa ọ̀sán Sátidé jẹ, a óò lóṣòó ti páálí ẹ̀, a óò máa tú u, eruku á bo ọwọ́ wa dé ìgúnpá. Monster yẹn, ìwé ojú ẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, ó ní orí ẹranko kan lára, mo lè rí mẹ́ta nínú páálí kan ṣoṣo. Ó pọ̀ débi pé màálàm yẹn ti sọ ọ́ lórúkọ, “lemu” ló ń pè é, ìyẹn ọsàn lédè Haúsá.

Ṣùgbọ́n New Adventures in Hi-Fi, tí wọ́n gbé jáde ní 1996, tó jẹ́ bíi mílíọ̀nù kan ló tà lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ̀yin náà pè ní ìjákulẹ̀, odindi ọdún mẹ́ta mi ò fojú kàn án nínú páálí yẹn rí. Àwọn tó rà á ò tà á! Gbèsè Monster ló san.

Orí ìrìn ni wọ́n sì ti ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kọrin Monster káàkiri ní 1995, wọ́n tiẹ̀ gba àwọn orin míì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò kí èrò tó wọlé. Ìrìn yẹn náà ni Bill Berry onílù wọn ti ṣubú lulẹ̀ lóde eré ní Switzerland, iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ ẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Oṣù kan kí àwo yẹn tó jáde ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé tuntun pẹ̀lú Warner Bros., ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, wọ́n ní owó ẹ̀ tó $80 mílíọ̀nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka irú owó yẹn fún lójú gbogbo ayé, èló ló máa tà tí wọ́n máa ní ó tó? Lọ́dún tó tẹ̀lé e Berry fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ ń dáko tiẹ̀.

Ti Pearl Jam yàtọ̀ díẹ̀, àwọn yẹn fọwọ́ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, Ten ta mílíọ̀nù 13, Vs. ta 7, Vitalogy ta 5, ó wá di No Code ní 1996, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ti ní àwọn ò ṣe fídíò mọ́, wọ́n dẹ̀ tún lọ ń bá Ticketmaster, ilé iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ibi eré, jà lórí owó tí wọ́n ń lé lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwa tá a wà l'Ábújá mọ irú ìjà yẹn: owó ilé lọ́tọ̀, owó ejẹ́ńtì lọ́tọ̀, owó lọ́yà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ojú kan péré ni lọ́yà ọ̀hún kọ. Méjì nínú wọn lọ rojọ́ níwájú àwọn aṣòfin ní Washington ní 1994, kò sì so èso kankan, ibi tí wọ́n ti máa ṣeré wá ń wọ́n wọn. No Code gba ipò kìíní ní ọ̀sẹ̀ tó jáde (Vitalogy ló ta á nìyẹn), ó wá ń já bọ́. Orin jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ṣí i, ẹni tó ti ń múra láti fò sókè á rò pé rédíò òun ló bàjẹ́. Mo rí ẹyọ kan rà nínú páálí. Bó o bá tú ìwé tí wọ́n fi wé e sílẹ̀, fọ́tò wẹ́wẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀, àmọ́ bó o bá jìnnà sí i, ojú kan nínú onígun mẹ́ta lo máa rí. Bùọ̀dá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ìyá wa já a, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ojú kójú nínú ilé àwọn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé gbólóhùn kan péré lẹ fi dá Adore ti Smashing Pumpkins lẹ́jọ́. Ẹ ní Mellon Collie ta mílíọ̀nù 10, Adore ta ẹyọ kan. Ẹ dúró ná o! Sídíì méjì ló wà nínú Mellon Collie, bí wọ́n bá ta ọ̀kan wọ́n á kà á sí méjì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dá 10 yẹn sí méjì kẹ́ ẹ tó máa fi wé nǹkan. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwo méjèèjì. Oṣù Keje 1996, ẹni tó ń bá wọn tẹ dùùrù kú sí New York nídìí oògùn olóró, wọ́n lé Jimmy Chamberlin onílù tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, ìyá Billy Corgan, olórí ẹgbẹ́ náà tó ń kọrin, kú. Ẹni tí ò níyàá mọ́, tí ò tún ní onílù, irú orin wo lẹ fẹ́ kó kọ? Ó fi ẹ̀rọ lu ìlù, ó tẹ dùùrù, ó kọ orin tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún ìyá ẹ̀. Àwọn tó ń retí jìtá tó ń ké sá lọ.

Nígbà tí ìyá tiwa náà ṣaláìsí ní Ọ̀fà, èmi ni mo wa mọ́tò láti Àbújá, bùọ̀dá mi jókòó síwájú. Mi ò lè gbọ́ jùjú lọ́jọ́ yẹn, Adore ni mo fi sí i. Nígbà tá a kọjá Kàbà, bùọ̀dá mi ní, “Ṣé ẹni yìí náà ń ṣọ̀fọ̀ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo nawọ́ kí n pa á, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló dáa o. Be Here Now ti Oasis ní 1997, ẹ̀yin lẹ jàre níbẹ̀. Ó lé ní 420,000 tí wọ́n tà ní Bìrìtìkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn ò tíì gbọ́ ọ ni, orin kan nínú ẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án láìnídìí, Noel Gallagher tó kọ ọ́ gan-an ti bú u. Ìyẹn náà pọ̀ nínú páálí màálàm, ó ń bá lemu du àyè.

Ọ̀rọ̀ mi ò jùyẹn lọ. Orí fóònù nìkan ni mo ní New Adventures in Hi-Fi títí dòní. Bí ẹni tó kọ nǹkan yẹn bá ní sídíì ẹ̀ nílé, tó sì dá a lójú pé àwo burúkú ni, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tà á fún mi, kó dá iye tó bá wù ú lé e.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Kubwa, Àbújá