A dúpẹ́ o: ìkómọjáde Suhayl Ìdẹ̀ra àti ohun tí orúkọ rẹ̀ jẹ́

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ wa, àsàlámù àlékùm. Ọlọ́hun Ọba tó fún wa lọ́mọ la kọ́kọ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìkómọjáde Suhayl Ìdẹ̀ra Àkànní n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù nítorí wa, ọjà yín kò ní kùtà. Ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀nà jíjìn wá, ẹsẹ̀ yín á máa jẹ́ ẹsẹ̀ ire. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù àti Houston tí ẹ bá wa ṣe é lórí fóònù, gbogbo àmín yín là ń gbọ́. Ìyá wa àgbà, ẹ ṣé é púpọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ dáná láti òru mọ́jú, ẹnu wa kò gba ọpẹ́ yín. Lẹ́mọ́ọ̀mù àti àwọn Áàfáà wa, Ọlọ́hun á túbọ̀ fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ìmọ̀.

Ìbéèrè kan ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àlejò: kí ni Suhayl? Àwọn tó wà lẹ́yìn àgọ́ kò gbọ́ àlàyé tí Lẹ́mọ́ọ̀mù ṣe, nítorí náà a kọ ọ́ síbí kó lè dé ọwọ́ gbogbo yín.

Sahl ni gbòǹgbò orúkọ náà. Lédè Lárúbáwá, sahl ni ohun tó rọrùn, tí kò le. Òun náà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ẹsẹ̀ kì í kọ̀. Àwọn Lárúbáwá ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ṣe orúkọ kí ó lè rí bí ti ọmọdé tàbí ti àyànfẹ́: Hasan á di Husayn, Sahl á di Suhayl. Ẹni tó bá ti mọ bí Hasan àti Husayn ṣe jẹ́ síra wọn ti mọ ti Sahl àti Suhayl nìyẹn. Zubayr, tí àwa Yorùbá ń pè ní Sùbérù, irú rẹ̀ náà ni. Ìdẹ̀ra tí ìyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sì bá Suhayl mu gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Mẹ̀dínà ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí Suhayl kan ni ín rí. Nígbà tí Ànábì Muhammad (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) dé ìlú náà ní ọdún 622, ibi tí ràkúnmí rẹ̀ kúnlẹ̀ sí jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sá dàbínù, ilẹ̀ ọmọ òrukàn méjì. Sahl ni ọ̀kan ń jẹ́, Suhayl ni èkejì. Wọ́n fẹ́ fi tọrẹ, Ànábì kò gbà. Ó rà á lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ́ mọ́sálásí rẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Suhayl ọmọ Amr ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ará Mẹ́kà ni, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà Kùráìṣì, tó fi ẹnu rẹ̀ bá Ànábì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mú un lẹ́rú lójú ogun Badr ní 624. Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàábé (ọmọlẹ́yìn) Ànábì, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ eyín iwájú rẹ̀, kó má baà lè dúró sọ̀rọ̀ mọ́, Ànábì kọ̀. Ní 628, ní Hudaybiyah nítòsí Mẹ́kà, àwọn ará Mẹ́kà rán aṣojú títí, ọ̀rọ̀ kò lójú. Bí Ànábì ṣe rí i pé Suhayl ló ń bọ̀, ó sọ fún àwọn sàábé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ti di ìrọ̀rùn. Orúkọ ọkùnrin náà ló fi rí ire. Suhayl kò sì rọ̀ nídìí àdéhùn náà o: ó ní wọn kò gbọdọ̀ kọ “Ìránṣẹ́ Ọlọ́hun” síbẹ̀, Ànábì sì ní kí wọ́n kọ “Muhammad ọmọ Abdullah”. Síbẹ̀ àdéhùn ọdún mẹ́wàá fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn tí Mẹ́kà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní 630, Suhayl gba ẹ̀sìn. Nígbà tí Ànábì sì jáde láyé ní 632, tí àwọn ará Mẹ́kà ń mì nínú ẹ̀sìn, ẹnu Suhayl yìí kan náà ló fi mú wọn dúró. Lójú tiwa, ìyẹn nìkan tó ìdí láti sọ ọmọ ní Suhayl.

Àwọn kan ń ṣàníyàn pé ọkùnrin náà ti ń jẹ́ orúkọ yìí kó tó di Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ Lárúbáwá àtijọ́ ni, Ànábì kò sì yí i padà, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dára, ó máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan wá bá a tó ń jẹ́ Hazn, ìyẹn ilẹ̀ pálapàla. Ànábì ní kó máa jẹ́ Sahl. Hazn ní òun kò ní pa orúkọ tí bàbá òun sọ òun tì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Sa'id ọmọ Musayyab, tó di onímọ̀ ńlá ní Mẹ̀dínà, sọ pé láti ìgbà náà ni líle ìwà kò ti kúrò nínú ìdílé àwọn. Ẹ rántí pé àwa náà gbà pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ.

Suhayl tún ni orúkọ ìràwọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Canopus. Nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, ẹyọ kan péré ló mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn Sirius, Shi'ra tí Al-Kùránì dárúkọ nínú Sūratu Najm, àyà 49. Apá gúúsù ni Suhayl máa ń wà, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Suhayl ti Yemen. Lápá Qatar àti Saudi, oòrùn máa ń fi í pamọ́ fún oṣù mélòó kan, á wá yọ ní ìdájí ní nǹkan bí ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀ pé ooru fẹ́ dẹwọ́. Ooru kì í lọ lọ́jọ́ kan náà: òru ló kọ́kọ́ ń tutù, ọ̀sán á tẹ̀lé e nígbà tó bá yá. Qatar fi orúkọ yìí sọ sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, Es'hail-1, tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run ní 2013. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Lárúbáwá àtijọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òòró Káábà kọjú sí ibi tí Suhayl ti ń yọ.

Ẹ lè rí i n'Ìbàdàn. Láàárín oṣù Kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ kọjú sí gúúsù. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù lókè ni Sirius. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tààrà: ìràwọ̀ funfun tó mọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tó ti gòkè dé ìdá kan nínú mẹ́ta láti ilẹ̀ dé ọ̀gangan orí, Suhayl nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku á bò ó, ẹ dúró di ọjọ́ tójò bá fọ ojú sánmà. Ẹ̀yin ará Houston á rí i nísàlẹ̀ pátápátá, bí ilé tàbí igi kò bá dí yín lójú. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, kì í yọ lọ́dọ̀ yín rárá. Ẹ wálé wá wò ó. Ìtàn tí àwọn kan ń sọ pé Suhayl jẹ́ agbowó-òde kan tí Ọlọ́hun sọ di ìràwọ̀, àwọn onímọ̀ hàdíísì ní kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ má fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ní Pakistan àti Íńdíà, Sohail kì í ṣe orúkọ àjèjì. Àwọn tó ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì á mọ Sohail Tanvir. Ní Morocco wọ́n ń kọ ọ́ ní Souhail, ní Turkey wọ́n ń kọ ọ́ ní Süheyl. Nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n. Orúkọ àwọn Ànábì àti ti àwọn kálífà ni àwọn bàbá wa kọ́kọ́ mú, Ọlọ́hun sì jẹ́ kí wọ́n di tiwa: Súlè, Sùmọ́nù, Bàkárè. Àwọn ọmọ sì ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà. Suhayl kò bá wọn wọlé nígbà náà. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ Suhaila, tí í ṣe ti obìnrin.

Ibi tí wàhálà máa ń wà ni pípè àti kíkọ. Su kúkúrú, kí ẹ tó gbé hayl jáde, h fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ti ahọ́n. Bí ẹ bá jẹ h náà mọ́lẹ̀, á di Suail. S rẹ̀ kò ní àmì nísàlẹ̀. Kì í ṣe Suhaib, sàábé mìíràn nìyẹn, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàápàá yàtọ̀ lédè Lárúbáwá. Kì í sì í ṣe Sahil, etí òkun nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Abdul síwájú rẹ̀: ẹrú ni Abd, orúkọ Ọlọ́hun nìkan ló sì yẹ kó tẹ̀lé e. Muhammad Suhayl kò burú. S-U-H-A-Y-L la kọ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀bùn, káàdì àti owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí àpò rẹ̀. Lẹ́tà kan péré tó bá yàtọ̀ láàárín ìwé ìbí, NIN àti ìwé ìrìnnà á gbé èèyàn dé kóòtù fún ìbúra, á tún ná an lówó ìkéde nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọjọ́ tí a kà fún ìkómọjáde: ọ̀nà Maliki, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn Mùsùlùmí, la tẹ̀lé. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́, wọn kì í ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ keje wọn bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ tí àwa Yorùbá ń kà. Àgbò méjì la pa, ìwọ̀n irun orí rẹ̀ la sì fi ṣírò sàráà fàdákà.

Fọ́tò ti wà lórí WhatsApp ẹbí. Kúlà aláwọ̀ búlúù méjì àti abọ́ ńlá kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ni wọ́n, kó pe ìyá Suhayl kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Àwa òbí Suhayl Ìdẹ̀ra, lórúkọ gbogbo ẹbí.